Ismene, Ọmọbìnrin Oedipus Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ojo

Ìtàn Ọ̀dẹ́wálé kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti ọdún 1968 tí Ọlá Rótìmí ti gbé The Gods Are Not to Blame jáde lórí ìtàgé ní Ilé-Ifẹ̀ ni a ti mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ iléèwé wa sì ń kà á. Ọba tó pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀, tó tún fi ìyá rẹ̀ ṣe aya láìmọ̀: Oedipus, ọba Thebes nílẹ̀ Gíríìkì, ni Rótìmí mú wọ ìlú Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn Gíríìkì kò parí síbi tí ọba náà ti fọ́ ojú ara rẹ̀. Oedipus fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ sáyé: ọkùnrin méjì, Eteocles àti Polyneices, obìnrin méjì, Antigone àti Ismene. Òkìkí Antigone ti kan káàkiri ayé, nítorí pé ó sin òkú arákùnrin rẹ̀ lójú òfin ọba, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ismene tó bá a ṣe ọmọ ìyá ni wọn kì í sábà dárúkọ.

Bí wọ́n bá sì dárúkọ rẹ̀, ojo ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí àwọn jọ lọ sin òkú, ó kọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti pa ìwé dé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdájọ́ yẹn kò tọ́ lójú tèmi. Ẹni tó bá mọ bí àwọn Gíríìkì ṣe ń hun ìtàn wọn, tó mọ ipò tí obìnrin wà lábẹ́ òfin wọn, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré lórí ìtàgé láyé ìgbà yẹn, yóò rí Ismene mìíràn.

Ìdílé tí wọ́n bí i sí

Cadmus ló tẹ Thebes dó. Ọmọ rẹ̀ ni Polydorus, ọmọ Polydorus ni Labdacus, ọmọ Labdacus ni Laius. Òrìṣà Apollo kìlọ̀ fún Laius láti ojúbọ rẹ̀ ní Delphi pé ọmọ tí ó bá bí ni yóò pa á. Nígbà tí Jocasta ìyàwó rẹ̀ bímọ ọkùnrin, wọ́n lu kókósẹ̀ ọmọ náà, wọ́n sì gbé e fún darandaran pé kó lọ gbé e sọnù lórí òkè Cithaeron. Àánú ṣe darandaran náà. Ọmọ dé ọwọ́ ọba Kọ́ríńtì, ó dàgbà síbẹ̀, ó bá ọkùnrin àgbàlagbà kan pàdé ní oríta mẹ́ta, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ó pa á. Bàbá rẹ̀ ni. Ó dé Thebes, ó já àlọ́ tí abàmì ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Sphinx fi ń pa àwọn ará ìlú, wọ́n fi í jọba, wọ́n sì fún un ní opó ọba ṣe aya.

Nígbà tí àṣírí tú, Jocasta pokùnso, Oedipus sì fọ́ ojú ara rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì wá ń jà sí oyè. Eteocles di ìtẹ́ mú, kò gbé e sílẹ̀. Polyneices sá lọ sí Argos, ó fẹ́ ọmọ ọba ibẹ̀, ó sì kó ogun bọ̀ wá bá ìlú bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣe ara wọn pa lọ́jọ́ kan náà. Creon, arákùnrin Jocasta, gorí oyè, ó sì kéde pé kí wọ́n sin Eteocles tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi òkú Polyneices sílẹ̀ fún ajá àti ẹyẹ. Ẹni tó bá sin ín, ikú ni.

Ìyá ta ni, ikú wo ló sì kú?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí ìtàn àwọn Gíríìkì ni pé a rò pé ìwé kan ṣoṣo wà tó ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo rẹ̀, tí ohun tó bá yàtọ̀ sí i sì jẹ́ irọ́. Wọn kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí àwa náà ṣe ń gbọ́ ọ níbì kan pé ẹ̀wọ̀n ni Odùduwà fi sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run, tí a sì ń gbọ́ ọ níbòmíràn pé láti ìlà-oòrùn ló ti wá, tí ìtàn méjèèjì sì ní ẹni tó ń pa á mọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìtàn Gíríìkì rí láti ìlú dé ìlú, láti ẹnu akéwì kan dé ti òmíràn.

Nínú Odyssey, Homer pe ìyá Oedipus ní Epicaste, ó sì ní kò pẹ́ rárá tí àwọn òrìṣà fi tú àṣírí ìgbéyàwó náà. Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, Pausanias tó rin ilẹ̀ Gíríìkì káàkiri di ọ̀rọ̀ yìí mú: bí kò bá pẹ́ kí àṣírí tó tú, báwo ni obìnrin náà ṣe ráyè bí ọmọ mẹ́rin? Ó wá ní Euryganeia, ọmọ Hyperphas, ni ìyá àwọn ọmọ náà, ó sì tọ́ka sí àwòrán kan tó wà ní ìlú Plataea, níbi tí wọ́n ti ya Euryganeia tó sorí kodò nítorí ìjà àwọn ọmọ rẹ̀. Pherecydes ará Átẹ́nì, tó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún ṣáájú Pausanias, ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ní tirẹ̀, ọmọkùnrin méjì péré ni Jocasta bí fún Oedipus, àwọn méjèèjì sì kú sójú ogun. Lẹ́yìn náà ni Oedipus fẹ́ Euryganeia, òun ló sì bí Antigone, Ismene àti àwọn arákùnrin wọn. Nípa báyìí, nínú ìtàn tó lọ́jọ́ lórí, Ismene kì í ṣe ọmọ èèwọ̀ rárá. Àwọn òǹkọ̀wé eré Átẹ́nì ni wọ́n sọ àbùkù bàbá di àbùkù ọmọ, tí àwọn ọmọ wá jẹ́ ọmọ àti àbúrò fún bàbá wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ikú rẹ̀ náà kò dúró sójú kan. Láti ẹnu Mimnermus, akéwì ọ̀rúndún keje ṣáájú ìbí Jésù, la ti gbọ́ pé nígbà tí ogun Argos yí Thebes ká, Ismene wà pẹ̀lú olólùfẹ́ rẹ̀, ni Tydeus, ọ̀kan nínú àwọn balógun tó gbógun wá, bá pa á, nítorí pé òrìṣà Athena ló rán an. Pherecydes ní létí ìsun omi kan ni Tydeus ti pa á, orúkọ Ismene sì ni wọ́n fi ń pe ìsun náà láti ìgbà yẹn.

Ìkòkò kan tí wọ́n mọ ní Kọ́ríńtì ní nǹkan bí ọdún 560 ṣáájú ìbí Jésù fi bí wọ́n ṣe rí ikú náà hàn wá. Ilé Louvre ní Paris ló wà lónìí. Ismene wà lórí ibùsùn, ara rẹ̀ funfun, Tydeus tó dúdú na idà sí i, ọkùnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì ń sá lọ níhòòhò, ó ń wẹ̀yìn bó ti ń sá. Wọ́n kọ orúkọ kálukú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí aṣìmọ̀ má baà wà. Kò sí Antigone níbẹ̀, kò sí Creon, kò sí òkú tí wọn ò sin. Nígbà tí ayàwòrán yìí ń kun ìkòkò rẹ̀, ó ku ọgọ́fà ọdún tàbí kó dín díẹ̀ kí Sophocles, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé eré Átẹ́nì, tó kọ eré Antigone. Ismene tiẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀ lọ́tọ̀ kó tó di ẹni tó wà lábẹ́ òjìji ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun tó kọ̀, àti ìdí tó fi kọ̀

Ní nǹkan bí ọdún 441 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ṣe Antigone ní Átẹ́nì. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, Antigone pe àbúrò rẹ̀ jáde síta, ó sọ ohun tí Creon kéde, ó sì bi í bóyá yóò bá òun gbé òkú náà. (Mo ń pe Ismene ní àbúrò nítorí pé Euripides, nínú eré tirẹ̀ lórí ìdílé yìí, jẹ́ kí Jocasta sọ ọ́ gbangba: Antigone ni àgbà, òun ló sì fún un lórúkọ, bàbá ló sọ kékeré ní Ismene.)

Ìdáhùn Ismene gùn, ó sì létò. Ó ka òkú ilé wọn: bàbá tó kú nínú ìtìjú, ìyá tó fi okùn gba ẹ̀mí ara rẹ̀, arákùnrin méjì tó lọ lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn méjì péré ló kù, obìnrin sì ni àwọn, àwọn kò lè bá ọkùnrin tó ní agbára jà. Ó ní òun yóò bẹ àwọn òkú kí wọ́n foríji òun. Kò sọ níbì kankan pé Creon jàre.

Láti mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó, ẹ jẹ́ ká wo òfin Átẹ́nì, torí àwọn ará Átẹ́nì ló jókòó tí wọ́n ń wòran. Obìnrin wọn, bó ti wù kó dàgbà tó, abẹ́ ọkùnrin kan ló wà: bàbá rẹ̀, tàbí arákùnrin rẹ̀, tàbí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló ń ṣojú rẹ̀ ní kóòtù, òun ló ń fi í fọ́kọ. Òfin kò gbà fún un kó dá òwò tó ju iye òṣùwọ̀n ọkà báálì kan lọ. Bàbá Ismene ti lọ, arákùnrin rẹ̀ méjèèjì ti kú. Ọkùnrin tó kù tí wọ́n lè ka òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí lọ́rùn ni Creon, ẹni tó ṣòfin náà gan-an. Ọba ni, alágbàtọ́ ni, arákùnrin ìyá ni. Ọ̀dọ̀ ta ni ọmọbìnrin náà yóò wá gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ?

Síbẹ̀, iṣẹ́ tí Antigone bẹ̀ ẹ́ sí jẹ́ iṣẹ́ obìnrin ní ti gidi. Bí ẹnìkan bá kú ní Átẹ́nì, àwọn obìnrin ilé ló ń wẹ òkú, wọn á fi òróró pa á lára, wọn á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọn á tẹ́ ẹ sínú ilé, wọn á sì máa sun ún lẹ́kún arò. Kó tó di pé oòrùn yọ lọ́jọ́ kẹta, wọn á gbé e jáde lọ sin. Ìjọba tiẹ̀ ti fi òfin dín in kù: Solon aṣòfin, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Jésù, ní kí àwọn obìnrin má ṣe fi èékánná ya ara wọn mọ́ níbi òkú, obìnrin tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún kò sì lè wọlé òkú àfi bó bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọn. Ọmọ ìyá òkú ni Antigone àti Ismene. Bí wọn kò bá ṣe é, kò sí ẹni tí yóò ṣe é. Ohun tí ìbí gbé lé Ismene lọ́wọ́ ni òfin Creon ní kó má ṣe, inú ìṣòro yẹn ló sì ti ń sọ̀rọ̀.

Kí a má sì rò pé àwọn òǹwòran yóò kàn ka Creon sí wèrè. Àwọn ará Átẹ́nì pàápàá kì í jẹ́ kí wọ́n sin ọ̀dàlẹ̀ sórí ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹbí lè gbé òkú náà kọjá ààlà lọ sin. Creon ni kò fún òkú Polyneices láyè kankan, ìyẹn ló sì fi kọjá àyè ara rẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí òkú náà?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bu erùpẹ̀ sí Polyneices nínú eré yìí, ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í sì í kíyè sí i. Ní àárọ̀, ẹ̀ṣọ́ kan wá sọ fún Creon pé ẹnìkan ti wá lóru: erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lórí òkú, kò sí ojú ọkọ́, kò sí ipa ẹsẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọn erùpẹ̀ náà kúrò. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, ìjì ekuru jà, bó ṣe rọlẹ̀ ni wọ́n rí Antigone tó ń ké lórí òkú, tó ń bu erùpẹ̀ gbígbẹ lé e, tó sì ń fi ìkòkò idẹ da omi ètùtù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ló dé tó fi padà wá? Díẹ̀ nínú erùpẹ̀ ti tó láti mú èèwọ̀ kúrò lórí òkú.

Bonnie Honig, onímọ̀ ìṣèlú, sọ nínú ìwé rẹ̀ Antigone, Interrupted, tó jáde ní ọdún 2013, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ismene ló ṣe ti òru, ní ìdákẹ́jẹ́, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò bá ẹni tó gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níyànjú pé kó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ mu bí? Èmi kò gbà á tán, torí ẹ̀ṣọ́ náà sọ pé nígbà tí wọ́n ka ti òru àti ti ọ̀sán sí Antigone lọ́rùn, kò sẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí Creon ní kí wọ́n mú Ismene wá, ó wọlé pẹ̀lú omijé lójú, ó sì ní òun mọ̀ nípa rẹ̀, òun náà ṣe é, bí ẹ̀gbọ́n òun bá gbà. Iwájú ẹni tó lè pa á ló ti sọ ọ́. Ojo kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú. Antigone ló kọ̀, tó ní kò gbọdọ̀ pín nínú ikú tí kò fọwọ́ kàn.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ nínú eré náà pé àfẹ́sọ́nà Haemon, ọmọ Creon, ni Antigone. Ismene ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀, nígbà tó bi Creon léèrè bóyá yóò pa ìyàwó ọmọ ara rẹ̀. Kò bá a jà, kò sì bú u. Ó wá ọ̀nà tí yóò fi dé ọkàn bàbá. Gbólóhùn rẹ̀ yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìdajì eré tó kù, torí Haemon fúnra rẹ̀ ló jáde tẹ̀ lé e.

Ìdí tó fi pòórá

Lẹ́yìn èyí, Creon ní òun yóò pa àwọn méjèèjì. Àwọn àgbààgbà ìlú bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Ó rò ó, ó sì fi Ismene sílẹ̀. A kò tún gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ń mú Antigone lọ síbi ihò àpáta tí wọ́n fẹ́ sé e mọ́ láàyè, ó pe ara rẹ̀ ní ẹni ìkẹyìn nínú ìdílé ọba, bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ti kú.

Àwọn kan rí èyí bí ẹ̀rí pé Ismene kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ìtàgé ná. Níbi ọdún òrìṣà Dionysus ní Átẹ́nì, ìdíje ni eré ṣíṣe, òṣèré mẹ́ta péré ló sì ń sọ̀rọ̀ nínú eré kan, yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ akọrin. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, wọ́n á máa pààrọ̀ ìbòjú láti ṣe ènìyàn púpọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin tó ṣe Ismene jẹ́ ẹni náà tó ṣe ẹ̀ṣọ́, kó sì tún sáré wọlé lọ wọ ìbòjú Haemon. Bí Ismene bá dúró, ta ni yóò ṣe Haemon? Àìtó òṣèré wà lára ohun tó mú un kúrò, lẹ́yìn tó ti parí iṣẹ́ tí Sophocles fẹ́ kó ṣe. Ohun tí Antigone sọ nípa ẹni ìkẹyìn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ti kọ àbúrò sílẹ̀ nínú ìbínú. Kò fi hàn pé Ismene kò sí mọ́.

Lórí ẹṣin lọ sí Colonus

Sophocles padà sí ọ̀rọ̀ ìdílé yìí lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Ó ti kú kí Oedipus at Colonus tó dé orí ìtàgé ní ọdún 401 ṣáájú ìbí Jésù, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ gbé e jáde. Nínú rẹ̀, wọ́n ti lé Oedipus kúrò ní Thebes, Antigone sì ń fà á lọ́wọ́ kiri. Níbi tí wọ́n jókòó sí ní Colonus, létí Átẹ́nì, Antigone rí obìnrin kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán: ó gun ọmọ ẹṣin ilẹ̀ Sicily, ó dé fìlà fífẹ̀ ará Thessaly nítorí oòrùn, ìránṣẹ́ kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e. Ismene ni.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní ojo ló rin ọ̀nà yẹn. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Oedipus fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé láti ìgbà pípẹ́ ni Ismene ti ń yọ́ jáde ní Thebes, láìjẹ́ kí àwọn ará ìlú mọ̀, láti gbé ọ̀rọ̀ àwọn òrìṣà wá fún òun. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú ìròyìn ìjà àwọn arákùnrin rẹ̀ wá, àti ohun tí Delphi sọ: ìlú tí sàréè Oedipus bá wà, ìlú náà ni yóò lágbára. Inú bàbá dùn, ó sì bínú sí àwọn ọmọkùnrin: wọ́n jókòó sílé bí ọmọge, àwọn ọmọbìnrin ló ń jìyà nítorí òun.

Nígbà tí wọ́n ní kí Oedipus ṣètùtù fún àwọn òrìṣà obìnrin tó ni igbó tó wọ̀, òun ò ríran, kò sì lágbára. Ismene ló gbà láti lọ. Àwọn ará Colonus to ètò náà fún un lẹ́sẹẹsẹ: kí wọ́n pọn omi láti ìsun tí kì í gbẹ, kí wọ́n fi irun ọmọ àgùntàn tuntun dé etí àwọn ìkòkò, kí wọ́n kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí wọ́n dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ti ìkẹyìn jẹ́ omi àti oyin láìsí wáìnì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì to ẹ̀ka igi ólífì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sílẹ̀, kí wọ́n gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí wọ́n sì kúrò láìwẹ̀yìn. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni àwọn ọmọ ogun Creon ti gbé e lọ, kí Theseus ọba Átẹ́nì tó gbà á padà.

Nígbà tó padà dé, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ òfin òṣèré mẹ́ta yóò rí ìdí rẹ̀: Oedipus, Antigone àti Theseus ló gba ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹlòmíràn tí kò ní sọ̀rọ̀ ló wọ ìbòjú Ismene.

Láyé tiwa

Antigone ni àwọn òǹkọ̀wé ṣì ń sáré tọ̀ lọ. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mú un wá sí ilẹ̀ Yorùbá ayé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú Tègònni, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Antigone tiẹ̀ rìn wọ inú eré náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yannis Ritsos, akéwì Gíríìkì, ti kọ ewì gígùn kan tó jẹ́ pé Ismene ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Natalie Haynes ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì fi í ṣe ọ̀kan nínú obìnrin méjì tó di The Children of Jocasta mú ní ọdún 2017.

Ẹni tó bá fẹ́ ka àwọn eré Sophocles fúnra rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kó kọ́kọ́ ka Oedipus at Colonus, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni Sophocles kọ gbẹ̀yìn, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni kó wá ṣí Antigone. Nígbà tí Ismene bá wá sọ níbẹ̀ pé òun kò lè lọ, òǹkàwé yóò ti mọ gbogbo ibi tó ti lọ rí.